Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ojú Marilyn, Àmì Lichtenstein àti Ańkárá Shonibare

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, Andy Warhol ni ààyò mi, pàápàá ojú Marilyn Monroe tó tẹ̀ ní aláwọ̀ mèremère. Mo dán irú rẹ̀ wò lórí aṣọ funfun pẹ̀lú ṣíkírín (aṣọ oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n nà mọ́ férémù, tí íǹkì ń gbà kọjá). Dúdú ṣàn wọnú pínkì, ìdajì ojú kò sì jáde. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

Ó jọ pé ṣíkírín lẹ fi tẹ gbogbo àwọ̀. Warhol kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ìpolówó fíìmù ọdún 1953 kan ló mú, ó ní kí wọ́n gbé e sórí ṣíkírín fún òun. Kó tó tẹ ohunkóhun, ó ti fọwọ́ kun ibi tí irun máa wà ní yẹ́lò, ojú ní pínkì, ètè ní pupa. Ìgbà tí ọ̀dà náà gbẹ ló wá fa dúdú lé e lórí. Dúdú yẹn ló gbé imú, ẹyinjú àti òjìji wá. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, àbàwọ́n lásán ló kù.

Ní ti dúdú tó ṣàn, ohun mẹ́ta la fura sí: ẹ bomi la íǹkì jù, ẹ fà á ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí ṣíkírín sùn lé aṣọ pátápátá. Ẹ fi páálí gbé igun férémù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè ní nǹkan bíi mìlímítà 3, kó fi jẹ́ pé ibi tí rọ́bà ìfàǹkì bá dé nìkan ló ń kan aṣọ, tó sì ń já kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dá rọ́bà náà sẹ́yìn díẹ̀, kó má dúró ṣánṣán.

Ti ìdajì ojú ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ fọ ṣíkírín mọ́, kí ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ojú ihò rẹ̀ bá là, a jẹ́ pé íǹkì ló gbẹ sínú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ láàrin ìtẹ̀ kan sí èkejì láìda íǹkì bò ó. Bó bá dí, emulsion ni, ìyẹn oje tí ẹ fi pa ṣíkírín kí ẹ tó gbé fọ́tò sórí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn á le, èyí tí kò kàn ni omi máa ń fọ̀ jáde. Nítorí náà, bí dúdú orí bébà tí ẹ tẹ fọ́tò sí kò bá ki tó, tàbí tí ẹ sá a pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á le pọ̀ ni. Ẹ dán an wò lórí àjákù kan: ẹ bo apá kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, òmíràn lẹ́yìn 2, òmíràn lẹ́yìn 3, kí ẹ wá fọ̀ ọ́, kí ẹ wo èyí tó là dáadáa. Bó bá jẹ́ bébà lásán lẹ tẹ fọ́tò sí, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá.

Ẹ má sì yára da èyí tó bàjẹ́ nù. Nínú Marilyn Diptych (1962), tó jẹ́ ti ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà Tate ní London, ojú 50 ló wà níbẹ̀, 25 aláwọ̀, 25 dúdú. Lápá dúdú, íǹkì kún bo ìlà kan débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Bí ẹ bá ń lọ sápá ọ̀tún, ó ń ṣá títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Warhol fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, apá yẹn gba ọlá lọ́wọ́ apá aláwọ̀.

Ṣé ṣíkírín náà ni Warhol fi ṣe àwòrán agolo ọbẹ̀ Campbell's?

Rárá o. Agolo 32 tí wọ́n pàtẹ ní Ferus Gallery, Los Angeles, ní oṣù keje ọdún 1962, ọwọ́ ló fi kùn wọ́n; òǹtẹ̀ ló fi tẹ àmì òdòdó ìsàlẹ̀ wọn.

Èmi ò rí tẹni méjì rò bí kò ṣe Roy Lichtenstein, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ló fi ń ṣe àmì tótòtó yẹn ni?

Ọwọ́ ni. Nínú Look Mickey (1961), búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ya irun ajá ló tì bọ ọ̀dà, tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ojú Mickey dáadáa, àmì náà kò dọ́gba. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo páànù oníhò, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ti ọ̀dà gba inú ihò kọjá. Ẹ lè ṣe é nílé, kí ọ̀dà sáà ki, kí ó má kún búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ nu ẹ̀yìn páànù ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó sún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa ìdọ̀tí kọjá lórí èyí tó ti dára.

Ìyá mi ní aṣọ tí Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà, ń lò kì í ṣe ańkárá wa. Ṣé òótọ́ ni? (London)

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ańkárá náà ni. Àwọn ará Netherlands ló wo bátíìkì àwọn ará Java ṣe é, àwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la sọ ọ́ di tiwa. Shonibare, tí wọ́n bí ní London lọ́dún 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, ọjà Brixton ní London ló ti ń rà á. Ìrìn àjò aṣọ yìí láti ilẹ̀ kan dé òmíràn gan-an ni ìdí tó fi ń lò ó. Ẹ lọ wo ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó wà nínú ìgò ní Greenwich, London; ìgbòkun 37 aláwòrán ańkárá ló ní. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ wax gidi (ańkárá tí wọ́n fi ìda ṣe), ẹ yí aṣọ padà: àwọ̀ á rinlẹ̀ lójú àti lẹ́yìn bákan náà, ẹ ó sì rí ìlà wẹ́wẹ́ ibi tí ìda ti sán, tí kò rí bákan náà níbì kankan. Bí ẹ̀yìn bá funfun, tàbí tí ìlà náà ń padà wá láìyàtọ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ sójú kan ṣoṣo.