Ẹ̀wà tó mọ́ jù: èsì fún Ìyá Ìbejì ní Lugbe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Kò tíì pẹ́ tí a kó dé Àbújá láti Leeds nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Lugbe la ń gbé. Nígbà tí a wà lọ́hùn-ún, oúnjẹ tí wọn ò fi kẹ́míkà gbìn la máa ń rà fún àwọn ìbejì, owó rẹ̀ kò sì pa wá lára. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á ní Maitama, iye tí wọ́n pe ìdì ẹ̀fọ́ kan, mo rọra gbé e padà sílẹ̀ ni. Owó oṣù kan la ń ná báyìí. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é kí ọmọ lè máa jẹ ohun tó dáa, tí àgbẹ̀ ìtòsí gbìn, kí èèyàn má sì jẹ gbèsè? Ṣé kí n sì jẹ́ kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ ilé ìwé? Ìyá Ìbejì, Lugbe.

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìnàjò, ẹ kú ilé tuntun. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà lójú yín. Kàdúná la kọ́kọ́ gbé ká tó wá sí Kubwa, Òkè Ọya níbí la sì bí àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, iṣẹ́ òru ló ń ṣe jù, nítorí náà èmi ni mò ń lọ sọ́jà, èmi ni mò ń dáná alẹ́. Ẹ má wò ó pé ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ ìdí ààrò.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù Maitama sílẹ̀. Àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀rá yẹn, ẹ̀yin lẹ ó san owó rẹ̀. Ẹ̀wà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ni, inú òjò, nígbà tí ẹ̀wà èṣín ti pẹ́ nílẹ̀, tí tuntun ò sì tíì dé. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀wà mọ̀ pé lásìkò yẹn, kòkòrò á ti dá a lu, ìyẹ̀fun á máa bọ́ lára rẹ̀ sísàlẹ̀ àpò. Mo wọ ọjà, mo dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mi, ẹ̀wà olóyin ló pàtẹ. Kò sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀. Mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, eruku kankan ò bọ́. Mo tilẹ̀ yìn ín pé òun nìkan ló mọ ẹ̀wà tọ́jú nínú gbogbo ọjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọn múdù tèmi kún dáadáa.

Nígbà tí mo ṣí ìkòkò, òórùn kan bá ooru jáde, ó jọ ti kẹrosíìnì díẹ̀. Mo rò pé sítóòfù aládùúgbò ni. Mo da omi àkọ́kọ́ nù bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, mo bu omi míì sí i, mo sè é títí ó fi rọ̀, mo fi epo pupa àti ata gígún sí i. Àwọn méjì tó kéré fi ṣíbí rò ó kiri, wọ́n ní búrẹ́dì làwọn fẹ́. Morẹ́nikẹ́ ló jẹ ẹ́. Ọmọ tó fẹ́ràn ẹ̀wà ni nígbà náà, bàbá mi ló fi jọ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bù sí i.

Alẹ́ ò tíì jin tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èébì nìkan ò lè bà mí lẹ́rù, kò sí ọmọ tí kì í bì. Itọ́ ló já mi láyà. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ tó ń hu eyín, ìrọ̀rí tutù rin, òógùn bò ó lójú, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ níta, ilé tutù. Mo tan iná fóònù sí i lójú, mo rí i pé dúdú ẹyinjú rẹ̀ ti kéré jọjọ, kò sì tóbi sí i nígbà tí mo gbé iná kúrò. Mo pe ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní n ò gbọdọ̀ rọ epo pupa sí i lẹ́nu, n ò gbọdọ̀ fún un ní mílíìkì, kí n ṣáà máa gbé e bọ̀.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa ni mo gbé e lọ, káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Dókítà tó wà níbẹ̀ ní ó lè jẹ́ taifọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀ ló sáré dé, tó ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ro ti oògùn apakòkòrò. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, itọ́ ti dá. Nínú ìwé tí wọ́n fi dá wa sílẹ̀, oúnjẹ tí kò bá ọmọ lára mu ni wọ́n kọ. Ká tó délé, aládùúgbò tó ń bá wa wo àwọn yòókù ti da ẹ̀wà nù, ó ti fọ ìkòkò, ó tilẹ̀ ti gbálẹ̀. Oore ló ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tí a lè gbé lọ fún àyẹ̀wò mọ́, n ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà títí dòní pé ẹ̀wà yẹn ni.

Ara ọmọ ti le, ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Síbẹ̀ bó bá ti ní inú ń run òun, ẹyinjú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ó ti mọ̀, ó máa ń sọ pé, “Dádì, ojú mi kọ́ o, inú ni.”

Kì í sì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Kì í jẹ àkàrà, kì í jẹ mọ́ínmọ́ín, bí wọ́n bá ń se gbẹ̀gìrì, ó ti jáde síta nìyẹn. A lọ sí Ìkìrun fún Kérésì, ìyá mi gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé síwájú rẹ̀, èyí tó dìídì fi ẹyin sí. Ọmọ ní òun ò jẹ, ẹ ṣé mà. Màmá wojú mi láàárín ẹbí, wọ́n ní, “Ṣé ọmọ Haúsá lẹ wá sọ ọ́ dà lọ́hùn-ún ni?” Inú bí mi. Àwọn Haúsá gan-an ń jẹ kòsáí, àkàrà tiwọn, láràárọ̀! Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi ni mo se ìkòkò náà? Kì í ṣe pé a ò kọ́ wọn. Òótọ́ ni pé wọn ò mọ ẹ̀bùrẹ́ yàtọ̀ sí yánrin, ṣùgbọ́n ta ló ń ta yánrin fún mi ní Kubwa? Ẹni tó bá wà nílé, tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, ó lè sọ ohun tó bá wù ú.

Ẹ dákun, mo ti ń sọ tẹnu mi jù. Oògùn tí àwọn oníṣòwò kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, dichlorvos ni, èyí tó wà nínú ìgò kékeré tí gbogbo wa fi ń pa aáyán. Nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù fi ní kí ẹ̀wà gbígbẹ wa má wọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ ní 2015. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ nínú òjò, tí kòkòrò náà ṣì ń rìn láàyè nínú rẹ̀, ẹ rà á. Kòkòrò ti bá yín tọ́ ọ wò.

Èyí tó sàn jù lọ ni kí ẹ rà á nígbà ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, nígbà tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀. Ẹ sá a dáadáa. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró tí ẹ ti fọ̀ tó gbẹ pátápátá, ẹ rọ ẹ̀wà sí i dé ọrùn, ẹ mì í kó lè kì, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ má ṣí i fún oṣù méjì ó kéré tán. Kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, á kú. Àpò PICS tí àwọn àgbẹ̀ ibí ń lò, ọgbọ́n kan náà ni: ọ̀rá nínípọn méjì nínú, àpò híhun níta. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń gba ohun tó sún mọ́ kílò 20. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ti rọ bẹntiróòlù sí rí o, ẹnikẹ́ni ì báà ti fọ̀ ọ́.

Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ bèèrè omi tí wọ́n fi ń wọ́n ọn. Àwọn ẹ̀fọ́ kan tó ń dán yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀rùn ní Àbújá, odò tí gọ́tà ń ṣàn sí ni wọ́n ti ń pọnmi sí i. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fi kẹ́míkà kankan sí i, ìgbẹ́ màlúù nìkan, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tútù tí wọn ò kó jọ kó jẹrà, inú rírun ló ń gbé wá. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ díẹ̀, ẹ gbin zogale, ìyẹn moringa. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn lọ́dọ̀ ẹni tó ní in, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè oògùn, kò bèèrè ajílẹ̀. Ẹ bọ ewé rẹ̀, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, kúlíkúlí gígún, ata, àlùbọ́sà, òróró díẹ̀, ó parí. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀fọ́ rírò lọ. Ẹ má sọ fún ìyá mi.

Tòmátì, inú ẹ̀rùn ni kí ẹ rà á, kí ẹ sè é gbẹ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó rántí 2016, nígbà tí kòkòrò run tòmátì Kàdúná, kò ní dúró de òjò. Ọ̀rọ̀ ẹyin àti adìẹ gùn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ìgbà míì.

Oúnjẹ ilé ìwé ńkọ́? Mo kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ Morẹ́nikẹ́ pé kí wọ́n má ṣe fún un ní ẹ̀wà. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ló ń jẹ ẹ́ ní Ọjọ́rú. Mo ní kì í ṣe tèmi, mo sì ń di ìrẹsì fún un ní gbogbo Ọjọ́rú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń jẹ ti ilé ìwé. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ti wà nínú owó ilé ìwé, wọn kì í dá a padà.