Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Táwọn mínísítà UK bá ń jà sí àga Olóòtú Ìjọba, ta ló ń yan ẹni tó máa jókòó?

Ìbéèrè: Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé, mo wọ ẹgbẹ́ Labour lọ́dún tó kọjá, mo sì ń san owó ẹgbẹ́ déédéé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti tan rédíò ni wọ́n ń sọ pé mínísítà báyìí ń wá ipò Olóòtú Ìjọba, pé tọ̀hún náà ti ń kó èèyàn jọ. Ọkọ mi ní tí Olóòtú Ìjọba bá lọ, igbákejì ẹ̀ ló máa wọlé tààrà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní Ọba ló ń mú ẹni tó bá wù ú. Èmi rò pé àwa mẹ́ńbà la máa dìbò. Ta ló gbà á nínú wa? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìjà wọn ti di gidi, pé kì í ṣe ariwo oníròyìn lásán? — Ìyá Ìbejì, Leeds

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ bá mi kí bàbá wọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ igbákejì yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ààrẹ ṣèjọba ló ti máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ní UK, Olóòtú Ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń fi oyè igbákejì ta ẹni tó bá wù ú lọ́rẹ, ó sì lè máà fún ẹnikẹ́ni rárá, kò sí ogún kankan nínú ẹ̀. John Prescott ṣe é fún ọdún 10 gbáko, láti 1997 sí 2007, ọjọ́ tí Tony Blair tó jẹ́ Olóòtú Ìjọba lọ lòun náà lọ. Nígbà tí Covid gbé Boris Johnson dé wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ní April 2020, Dominic Raab tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ní kó máa bá a mójú tó nǹkan, nígbà tí ara ọ̀gá yá, ó gba iṣẹ́ ẹ̀ padà, ó parí. Ẹ má sì da igbákejì Olóòtú Ìjọba pọ̀ mọ́ igbákejì olórí ẹgbẹ́ o. Angela Rayner di méjèèjì mú, àmọ́ nígbà tó fipò sílẹ̀ ní September 2025, ọjọ́ yẹn gan-an ni Keir Starmer gbé ti ìjọba fún David Lammy, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́, àwọn mẹ́ńbà ló dìbò fún Lucy Powell ní October.

Ti Ọba ńkọ́? Ọba ló ń pè é sí ààfin lóòótọ́, òun ló sì ń yàn án, àmọ́ ẹni tílé aṣòfin máa tẹ̀ lé nìkan ló lè pè. Láyé àtijọ́, nínú ẹgbẹ́ Conservative, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ jọ ohun tí ẹni ibi iṣẹ́ yín ń sọ, torí wọn kì í dìbò, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ síra wọn títí orúkọ kan á fi jáde. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Rab Butler, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi àga yẹn dù ú. Ní 1957 Harold Macmillan ni wọ́n mú, nígbà tó tún di 1963 tí Macmillan fẹ́ lọ, Butler yìí ló ń dele dè é, àmọ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Macmillan wà nígbà tí Ọbabìnrin wá bá a, Lord Home ló sì dárúkọ fún wọn. Ariwo tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ló jẹ́ káwọn Conservative bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò láti 1965.

Ó wá ku ẹ̀yin mẹ́ńbà. Ẹ gbà á, àmọ́ ẹ ò gbà á tán, torí ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ìlẹ̀kùn wà. Nínú Labour báyìí, ẹni tó bá fẹ́ dupò gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó máa fọwọ́ sí i, ìyẹn ni pé táwọn aṣòfin bá jẹ́ 400, orúkọ 80 nìyẹn. Olóòtú Ìjọba tó bá ṣì wà lórí àga tó lóun ò lọ, òun ò nílò ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni, orúkọ ẹ̀ á kàn wà nínú ìwé ìdìbò ni. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni àga ṣófo lójijì, àwọn mínísítà inú kábínẹ́ẹ̀tì ló máa jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n á mú ọ̀kan nínú ara wọn tó máa dele títí ìbò á fi parí. Nínú Conservative, àwọn aṣòfin á máa dìbò, wọ́n á máa já èèyàn dànù títí á fi ku méjì, ìgbà yẹn ló tó kan mẹ́ńbà.

Ibi tó ti máa ń dun mẹ́ńbà nìyí, tó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí ìbò mọ́. Theresa May di Olóòtú Ìjọba ní July 2016 torí pé ẹni kejì tó ṣẹ́ kù, Andrea Leadsom, kúrò nínú ìdíje. Rishi Sunak náà, àwọn mẹ́ńbà ti fi Liz Truss ṣáájú ẹ̀ ní September 2022 pẹ̀lú ìbò 81,326 sí 60,399, Truss lo ọjọ́ 49, ilé dàrú, wọ́n wá ní ẹni tó bá máa dupò gbọ́dọ̀ ní aṣòfin 100 lẹ́yìn, Sunak nìkan ló sì kù nígbẹ̀yìn, bí ẹni táwọn mẹ́ńbà ò mú ṣe wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méje nìyẹn láìsí pé wọ́n tún bi wọ́n léèrè. Nínú Labour tiyín, nígbà tí Harold Wilson lọ ní 1976, mínísítà mẹ́fà ló dupò, àwọn aṣòfin nìkan ló sì dìbò. Michael Foot ló ṣáájú ní ìbò àkọ́kọ́, 90 sí 84, àmọ́ James Callaghan ló gbé e nígbẹ̀yìn, 176 sí 137, torí báwọn yòókù ṣe ń já, ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn èèyàn wọn ń yà sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Blair àti Gordon Brown, torí tí ti àwọn méjì yìí bá yé yín, kò sí ìjà mínísítà kankan tó máa rú yín lójú mọ́. Ọdún kan náà ni wọ́n wọlé aṣòfin, 1983, wọ́n tiẹ̀ jọ lo ọ́fíìsì kan náà, Brown làwọn èèyàn sì ń wò bí ẹ̀gbọ́n nínú ìṣèlú nígbà yẹn. Olórí wọn John Smith ṣàdédé kú ní 12 May 1994. Ní 31 May, àwọn méjèèjì pàdé ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Granita ní Islington, ibẹ̀ ni Brown ti gbà pé òun ò ní dupò, Blair náà sì gbà pé tí àwọn bá wọlé, Brown ló máa di ọ̀rọ̀ ajé àti ètò abẹ́lé mú. Àwọn èèyàn Brown ní Blair tún ṣèlérí pé tó bá yá òun á gbé àga sílẹ̀ fún un, àwọn ti Blair ní irọ́ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé kan tí wọ́n kọ nípa àdéhùn yẹn jáde ní 2003, àmọ́ ọ̀rọ̀ ètò ìjọba ló wà nínú ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí Blair máa lọ níbẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ọdún 13 ni Brown fi dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu tí ò sí kóòtù tó lè bá a gbà á.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi àsìkò yẹn ṣe. Ó jókòó sí ilé ìṣúra fún ọdún 10, wọn ò tíì lò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lórí àlééfà ní May 1997 tó fi gbé àṣẹ owó èlé fún Bank of England, Blair sì fẹ́ kí UK máa ná owó euro, Brown ní ó di ìgbà tí ìdánwò márùn-ún kan lórí ọ̀rọ̀ ajé bá yege, ní June 2003 ó jáde wá sọ pé kò tíì yege, ọ̀rọ̀ sì pin síbẹ̀. Ní tèmi, ìjà wọn ṣe UK lóore lórí ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kó máa bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé kì í ṣe oyè ló fún Brown lágbára, owó gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo mínísítà tó ń wá owó iṣẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń gbà kọjá, ìyẹn ló sì fi ń kó aṣòfin jọ díẹ̀díẹ̀. Ọba kì í pé méjì láàfin ṣá, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń dúró nílẹ̀ torí pé ọ̀gá àgbà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá owó ní rárá.

Lọ́dún 2004 ni Blair wá ṣe ohun tí mo rò pé kò yẹ kí Olóòtú Ìjọba kankan ṣe, ó kéde pé òun á dupò lẹ́ẹ̀kẹta ṣùgbọ́n òun ò ní ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ọjọ́ tí ẹ bá ti sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ, ojú gbogbo èèyàn ti yí sọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ̀. Ní September 2006, àwọn aṣòfin kan kọ lẹ́tà pé kó máa lọ, Tom Watson tó jẹ́ mínísítà kékeré ní iléeṣẹ́ ààbò kọ̀wé fipò sílẹ̀, Blair sì jáde sọ pé òun ò ní lò ju ọdún kan lọ mọ́. Nígbà tó dójú ẹ̀ ní 2007, aṣòfin 313 fọwọ́ sí Brown, John McDonnell tó fẹ́ bá a du ú rí 29, 45 ló sì nílò. Ìbò mẹ́ńbà ò wáyé. Brown wọlé ní 27 June, gbogbo ogun ọdún 13 yẹn, kò pé ọdún mẹ́ta lórí àga kí ìbò May 2010 tó gbé e kúrò.

Ó kan bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ gidi. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ "mo wà lẹ́yìn ọ̀gá mi gbágbáágbá" sí nǹkan kan, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Ní 1995 tí John Major tó jẹ́ Olóòtú Ìjọba ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá òun jà jáde síta, John Redwood tó jẹ́ mínísítà ẹ̀ fipò sílẹ̀, ó sì bá a jà, ó rí ìbò 89 sí 218. Michael Portillo tóun náà jẹ́ mínísítà ní ọ̀gá lòun ń bá lọ, àfi bí wọ́n ṣe rí i tí wọ́n ń fa wáyà tẹlifóònù rẹpẹtẹ wọ ilé kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì ìpolongo fún un! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ máa wò: mínísítà ìlera tó ń sọ̀rọ̀ nípa ogun àti owó orí, èyí tó ṣàdédé ń pe àwọn aṣòfin tuntun wá jẹun alẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tó lágbára jù ni lẹ́tà ìfipòsílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ má dúró sí àkọlé ìròyìn. Tó bá ní nítorí ìdílé òun ni, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ní òun ò fọkàn tán ọ̀gá mọ́, iná ti ràn. Geoffrey Howe, igbákejì Olóòtú Ìjọba Margaret Thatcher tó sì fà á lulẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni, tí ọ̀tá ìṣèlú ẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé tó bá bú èèyàn, ó dà bíi pé òkú àgùntàn ló ń géni jẹ. Ó fipò sílẹ̀ ní 1 November 1990, ní 13 November ó dìde nílé aṣòfin, Thatcher jókòó síwájú níbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ, ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán èèyàn lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì tó sì bá a pé kápútéènì ẹ̀ gan-an ti ṣẹ́ igi tó fẹ́ fi gbá a. Michael Heseltine tó ti bínú jáde nínú kábínẹ́ẹ̀tì láti 1986 bọ́ síta láti dupò. Thatcher rí 204, Heseltine 152, ó ṣáájú lóòótọ́ ṣùgbọ́n òfin wọn nígbà yẹn fẹ́ kó jù ú lọ dáadáa, ìbò mẹ́rin péré ni kò jẹ́ kó pé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn mínísítà ẹ̀ ń wọlé tọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn á dìbò fún un àmọ́ àwọn ò rò pé ó lè wọlé, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó ní òun ti fi í sílẹ̀. Ta ló wá jẹ ẹ́? John Major, tó wà nílé tó ń tọ́jú ẹnu torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún un!

Ẹni tó bá lé ọ̀gá lọ kì í sábà jókòó sí àga yẹn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Ní July 2022, mínísítà àtàwọn aṣòfin tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tí gbogbo wọn lé ní 50 ló fi Johnson sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, Sunak ni wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, òun náà ló sì padà wọlé ní October. Kemi Badenoch tiwa-n-tiwa wà lára àwọn tó fipò sílẹ̀ nígbà yẹn, ó dupò, ipò kẹrin ló wà, ó dúró, ní November 2024 ó di olórí ẹgbẹ́, àmọ́ wọn ò sí nínú ìjọba mọ́ nígbà yẹn.

Kí ẹ ṣe báyìí: ẹ rí i pé owó ẹgbẹ́ yín ń wọlé, kẹ́ ẹ yẹ ímeèlì tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n máa fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ló ń mú ọjọ́ tí ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ò ní lè dìbò. Ní 2016, January ni wọ́n mú, àwọn tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n kọ́kọ́ jàre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá ẹgbẹ́ láre ní August. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, ó yẹ kẹ́ ẹ bọ́ sínú ẹ̀. Tí bàbá wọn bá fẹ́ dìbò tiwọn, ẹ ní kí wọ́n tètè wọ ẹgbẹ́, kò dìgbà téèyàn bá di ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ń gba ẹni tó bá ti gbé ní UK ju ọdún kan lọ. Kẹ́ ẹ sì má retí pé Olóòtú Ìjọba tuntun máa pe ìbò gbogbogbòò o, kò pọn dandan, ó lè jókòó títí di August 2029 tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti dìbò gbogbogbòò tó kàn.