Ṣé òwe "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ" kan ọmọ Ọ̀ṣun tó ti Brazil wá?

Ẹnìkan béèrè pé lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, òun gbọ́ tí wọ́n ń pe obìnrin kan láti Brazil ní Ọ̀ṣunfúnmiláyọ̀. Ṣé kò ta ko òwe, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀ níbí?

Kò ta kò ó rárá. Ilé tí òwe ń wí ni ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ipò tí ìdílé wà nígbà tí ọmọ dé. Ìdílé onífá ló ń jẹ́ Fáníyì, ìdílé ọlọ́ṣun ló ń jẹ́ Ọ̀ṣuntókun. Wọ́n gba irú orúkọ báyìí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun: àlùfáà rì wọ́n bọmi, ó sọ wọ́n ní Maria àti José. Síbẹ̀ ilé ò parẹ́. Ní Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní Brazil, tí ìyàwó òrìṣà tuntun, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ inú ìsìn òrìṣà, bá jáde sáàárín àwùjọ, wọn á ní kó pe orúkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ rẹlẹ̀. Wọn á tún bi í. Nígbà tó bá yá, òrìṣà tó gùn ún á fò sókè, á ké orúkọ náà ketekete, ìlù á sì bú sókè. "Orunkó" ni wọ́n ń pe ayẹyẹ yìí títí dòní.

Ìyá Senhora, tó darí ilé òrìṣà Opô Afonjá ní Salvador, olú-ìlú Bahia, Ọ̀ṣunmúìwá ló ń jẹ́. Ní 1952, Aláàfin Ọ̀yọ́ fi oyè Ìyá Nàsó dá a lọ́lá, oyè ẹni tó ń bójú tó Ṣàngó láàfin. Ọmọ Brazil ni wọ́n fún o!

Àwọ̀ ara náà kọ́. Susanne Wenger, òyìnbó Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, Àdùnní ni Òṣogbo ń pè é títí ó fi kú ní 2009, nítorí ó fi ayé rẹ̀ tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe. Kí ẹni tó bá ń yọ ṣùtì sí àlejò sì rántí ìtàn wa: láti Ìpólé ni Láròóyè, Àtáója (ọba Òṣogbo) àkọ́kọ́, ti wá.

Orúkọ ojú ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Àlejò á dé lówùúrọ̀, ẹnìkan á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ láìbéèrè ohunkóhun. Ìyẹn ni kò wo ilé.

Tí ẹ bá tún rí obìnrin yẹn, ẹ bi í léèrè ilé òrìṣà tó ti wá àti ìyálórìṣà tó sọ ọ́ di ìyàwó òrìṣà. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ, ẹ máa pè é ní Ọ̀ṣunfúnmiláyọ̀, kí ẹ sì kí i pé "Oore Yèyé o!" Bí wọ́n ṣe ń kí Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún náà nìyẹn.