Ọmọ mi ń jó, àdúgbò ń sọ̀rọ̀

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi, ọdún 15, wọ ẹgbẹ́ oníjó àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ṣágámù níbí, obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀ àmọ́ ọ̀kan wà tó ní òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í ṣe obìnrin. Àwọn aládùúgbò ní kí n yọ ọmọ mi kúrò. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Ṣé ẹ ti lọ wò wọ́n rí? Ẹ lọ jókòó ti onílù ní Sátidé kan, kí ẹ wo ojú ọmọ yín nígbà tí gángan bá pe orúkọ ẹ̀, ọmọ tí ò lè gbójú sókè ní kíláàsì á na àyà síta, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa dá ìlù lóhùn, ìyẹn ò ṣeé fowó rà.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ tó ní òun kì í ṣe ọkùnrin, òun kì í ṣe obìnrin yẹn, "ó" kan náà la ń lò fún takọtabo lédè wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gan-an ò yà wọ́n sọ́tọ̀, torí náà ẹ pe orúkọ tó bá sọ fún yín, ó ti tó. Ṣebí elégùn Ṣàngó tó jẹ́ ọkùnrin máa ń dirun bí obìnrin, tí á sì jó lójú gbogbo ìlú.

Ohun tí ẹ máa bèèrè ni aago mélòó ni wọ́n ń ṣíwọ́, ta ló ń mú wọn délé, ṣé ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹ bá mi kí ọmọ yín, àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà.