Ṣé a lè jogún etí dídi tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀?

Ẹ ní etí bàbá yín àti ti ẹ̀gbọ́n yín ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ń di díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹbí sì ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àjogúnbá. Inú etí lọ́hùn-ún, níbi tó ká bí ìkarawun ìgbín, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó ń gbé ìró fún iṣan ọpọlọ wà, bí wọ́n bá sì kú, ara kì í pèsè òmíràn. Jíìnì ni ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí; èyí tó ń jẹ́ KCNQ4 ń ṣètò bí pọtásíọ̀mù, èròjà oníyọ̀ kan nínú ara, ṣe ń jáde nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun náà. Bí jíìnì yìí bá ní àbùkù, ìró tínrín ni etí kọ́kọ́ máa ń pàdánù, kí ó tó kan àwọn yòókù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ̀dà alábùkù kan láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó, nítorí náà ìdá 50 nínú 100 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún rẹ̀.

Àyípadà A1555G, àbùkù inú jíìnì mìíràn tó tún kan etí, yàtọ̀, ìyá nìkan ló ń fi í fún ọmọ, abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, sì lè di etí ẹni tó ní in pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìdó-Èkìtì tàbí Adó-Èkìtì.