Òróró kédárì, kánfọ̀ àti àpótí aṣọ òkè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ọwọ́ mi ni àpótí aṣọ òkè màmá mi wà báyìí, sányán àti aláàárì tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Kánfọ̀ ni mo ń kó sí i. Ẹnì kan ní kí n ra òróró kédárì, pé ó ń lé kòkòrò, pé mo tún lè máa mu ún fún làkúrègbé. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ mi obìnrin sì ń bọ̀ wá bímọ sílé, aṣọ ìkókó wà nínú àpótí kan náà. Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ti aṣọ, òótọ́ ni. Ti mímu, ẹ má dán an wò o.

Mo mọ òróró yìí dáadáa. Nígbà tí mo wà ní láàbù ní Ṣágámù, òun la máa ń kán sórí gíláàsì tí a fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pa, kí a tó gbé ojú máíkírósíkóòpù tó lágbára jù lé e láti wá kòkòrò ibà. Bó ṣe ń darí ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gíláàsì, ìyẹn ló fi ń jẹ́ kí nǹkan hàn kedere. Àmọ́ bẹ́ ò bá tètè nù ún, á gbẹ mọ́ ojú awò. Àtijọ́ pàápàá, àwọn ará Róòmù máa ń fi pa ìwé lára kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbọn sányán yẹn dáadáa, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn àárọ̀, torí lílé ni kédárì ń lé kòkòrò, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa èyí tó ti wọnú aṣọ. Ẹ kán an sí òwú, ẹ di òwú náà sínú àkísà fẹ́lẹ́, ẹ fi há igun àpótí. Kó má kan aṣọ o, àbàwọ́n ni.

Aṣọ ìkókó ló ká mi lára jù. Ẹ kó o kúrò níbẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má baà fọ́, tó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn kánfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ibà pọ́njú á mú un, tó bá sì dé ọpọlọ, ó lè sọ ọ́ di adití tàbí kó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a títí òórùn á fi tán pátápátá. Ẹ má fi kédárì rọ́pò níbẹ̀, ọṣẹ àti oòrùn ti tó. Bí ojú ọmọ bá wá pọ́n lẹ́yìn ìbí, ẹ má gbé e sá sóòrùn. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.