Ta ló rán Kitty níṣẹ́ lẹ́tà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ẹjọ́ o. Oṣù tó kọjá ni mo kàn fẹnu bà á níbí pé mo ń ka ìwé Jenny Han kan, To All the Boys I've Loved Before, tó jáde ní 2014, n ò mọ̀ pé ìjà ni mo dá sílẹ̀. Fún àwọn tí ò tíì kà á: Lara Jean, ọmọ ọdún 16 ní Amẹ́ríkà, ìyá ẹ̀ ti kú, tí ìfẹ́ ọmọkùnrin kan bá ti ń dà á láàmú jù, á jókòó kọ lẹ́tà sí i, á tú gbogbo inú ẹ̀ síta, á wá kó o sínú páálí fìlà tí ìyá ẹ̀ rà fún un, kò ní fi ránṣẹ́ láéláé. Márùn-ún ló kọ. Àfi bí wọ́n ṣe fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn tó kọ ọ́ sí lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì ni Josh, ọ̀rẹ́kùnrin tí ẹ̀gbọ́n Lara Jean ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Kítìjú má baà pa á, òun àti Peter, tóun náà gba lẹ́tà tiẹ̀, bá ń ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ra.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọjà Olúwo níbí ni mo ti ń ta ẹja. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ni mo ká ìwé yìí mọ́ lọ́wọ́, inú kúlà ẹja ló fi pamọ́ sí, ó fi náílọ́ọ̀nù méjì wé e. Mo ní kó kà á sí mi létí. Bó ṣe débi tí wọ́n ti jọ ń kọ ìwé àdéhùn irọ́, mo ní kó pa á dé. Ṣé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní irọ́ pípa náà nìyẹn? (Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́)

Ìyá mi, ẹ kú ọjà o. Náílọ́ọ̀nù méjì kẹ̀! Ọmọ yín mọ ìwé tọ́jú. Ẹ̀ bá jẹ́ kó kà á síwájú díẹ̀ sí i, torí irọ́ yẹn ò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Peter fẹ́ fi mú Genevieve tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà jowú, Lara Jean fẹ́ kí Josh gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti kúrò lọ́kàn òun, kálukú ló ní ohun tó ń wá, wọ́n wá jọ kó sínú páńpẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dẹ. Nígbà tí Margot, ẹ̀gbọ́n tó lọ kàwé ní Scotland, wálé fún Kérésì tó sì gbọ́ ti Josh, ilé ò gba ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí n má parọ́, Peter yẹn ò jọ mí lójú. Ọmọkùnrin tó rẹwà tó sì mọ̀ pé òun rẹwà, irú ẹ̀ kún etí ọ̀sà níbí. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn, Margot, Lara Jean àti Kitty àbúrò wọn, ni mo tìtorí ẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà ti di ìyá fún wọn, àgbà wá lọ, ó wá ku ẹni tí àyà ẹ̀ ń já tó bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, òun ló tún gbọ́dọ̀ máa wa àbúrò kiri. Ta ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa sọ tinú ẹ̀ fún? Ẹ jọ kà á tán. Ẹ máa débi tí òun àti Peter ti fẹnu konu nínú omi gbígbóná, ẹ má jẹ́ kó fò ó. Ohun tí wọ́n ṣe ò ju ìyẹn lọ, àmọ́ nígbà tó fi máa délé ìwé, wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan míì, ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n sì ń nàka sí. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, èmi àtọ̀rẹ́ mi ò kíra wa láti Sátidé. Ó ní ìbínú ni Kitty, àbúrò wọn, fi kó lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, mo ní irọ́ ni, kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lè rí bọ̀ìfúrẹ́ǹdì ni. (Ọmọ Ìkòròdú)

Ẹ lọ kíra yín jàre. Ọ̀rẹ́ ẹ kàwé, ìwọ wo fíìmù tí Netflix gbé jáde ní 2018. Nínú ìwé, Lara Jean ló ń fi Josh, tí Kitty náà ń yọ́ fẹ́ràn, ṣe é ní yẹ̀yẹ́, lọmọ bá gbẹ̀san. Nínú fíìmù, àánú ẹ̀gbọ́n ló ṣe é. Wọ́n ní bí ọkọ àtìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá, àmọ́ èyí tẹ́nikẹ́ni ò tiẹ̀ rán níṣẹ́ ńkọ́? Ti ìwé ni mo fara mọ́. Àbúrò tèmi náà mú ìwé tí mo kọ sí ọmọ kan lọ fún un ní kọ̀rọ̀, torí pé mo jẹ ẹran ẹ̀. Ọmọ náà fi ìwé mi ránṣẹ́ padà, ó ti fi bírò pupa tún sípẹ́lì mi ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló kàn wá pẹ̀lú ìfẹ́ òyìnbó? (Bàbá kan, Ẹ̀pẹ́)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Korea ni ìran òǹkọ̀wé náà ti ṣẹ̀, ibẹ̀ náà ni ti ìyá Lara Jean, kì í ṣe òyìnbó tẹ́ ẹ rò.

ÌBÉÈRÈ: Ìwé tẹ́ ẹ yá mi ò parí! Lara Jean ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tó fẹ́ kọ lẹ́tà míì sí Peter, ó tán. Ṣé wọ́n ti ya ewé kúrò níbẹ̀ ni? (Tíṣà kan, Ẹ̀pẹ́)

Ẹnikẹ́ni ò ya nǹkan kan, Tíṣà. Bó ṣe parí nìyẹn, ó bí èmi náà nínú. Fíìmù ló fà wọ́n mọ́ra kó tó tán. Apá kejì ìwé náà jáde ní 2015, ẹ̀kẹta ní 2017, mo ní méjèèjì nílé, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá màá yá a yín. Ìpẹ́ ẹja èpìyà kan ló lẹ̀ mọ́ ewé tó gbẹ̀yìn yẹn nígbà tí ìwé mi padà dé, ẹ sì ti ní ẹ̀yin ò kí ń jẹun nídìí ìwé.